“Mix” Kì í Ṣe “Fraternise”: Ẹ̀bẹ̀ Mi sí Àwọn Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Àkókó

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, mi ò sì fẹ́ kí ẹ gbà á bí ọ̀rọ̀ àwàdà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé to àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí Òyìnbó fi ń sọ pé èèyàn ń bá èèyàn ṣe sójú pátákó, kí ẹ wá fa ìlà méjì tó túmọ̀ sí “dọ́gba” sáàárín wọn. Mix, mingle, socialise, associate, interact, fraternise: bí mo ṣe ń rí wọn nínú ìwé àwọn ọmọ nìyẹn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí olùkọ́ á wá fi “dàpọ̀ mọ́ èèyàn” kan ṣoṣo pa gbogbo wọn dé. Ọmọ á há a sórí. Á gba máàkì nínú ìdánwò kíláàsì. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní fún un ní máàkì: ọ́fíìsì ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́, àgọ́ ọlọ́pàá, iwájú òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ òkèèrè tó fẹ́ fún un ní físà. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ pé wọn kò dọ́gba rárá.

Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ọ̀kà ni mí, Ìkàrẹ́ ni mo lọ́kọ sí, àárín ìlú méjèèjì náà ni mo sì ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ mi. Títí dòní, àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC máa ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Sátidé, àwọn tó ti jáde nílé ìwé sì máa ń mú lẹ́tà wá kí n bá wọn wò ó kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Inú àwọn lẹ́tà yẹn ni mo ti ń rí ohun tí àmì “dọ́gba” ń dá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbọ́ pé hótẹ́ẹ̀lì kan ní Àkúrẹ́ ń wá ẹni tí yóò máa gba àlejò. Ó tẹ lẹ́tà rẹ̀ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà. Àdírẹ́sì wà níbi tó yẹ kó wà, déètì wà lábẹ́ rẹ̀, kò sí àṣìtẹ̀ kankan. Nígbà tí mo dé ìpínrọ̀ kejì ni mo rí i pé ó kọ ọ́ pé: “I am used to mixing up with all kinds of people.” Mo ní kó sọ ohun tó ní lọ́kàn fún mi ní Yorùbá. Ó ní, “Mà, pé mo yá mọ́ èèyàn ni. Kò sí irú ẹni tí mi ò lè bá gbé, olówó tàbí tálákà, àgbà tàbí ọmọdé.” Ọ̀rọ̀ gidi. Ẹni tó ń wá olùgbàlejò kò lè rí èyí tó dùn ún gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kì í ṣe ohun tó wà nínú lẹ́tà nìyẹn.

“Mix with people” ló ń wá. Tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá kọ̀wé nípa òṣìṣẹ́ kan pé “he mixes well”, oríyìn ni: ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn, kò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré “up” yẹn ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Ẹni tó bá “mix up” nǹkan méjì, ó ti ṣì wọ́n mú fún ara wọn ni: ó gbé oògùn Ìyá Bọ́lá fún Ìyá Délé. Ẹni tó bá sì “get mixed up with” àwọn kan, ọ̀ràn ti wà nílẹ̀, ó sì ti kó sí i. Ọ̀gá hótẹ́ẹ̀lì tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa yóò ka ìlà yẹn, yóò sì máa rò ó pé irú àwọn wo ni ọmọ yìí ti ń bá kó sí wàhálà.

Lẹ́tà ìwáṣẹ́ kéré níbẹ̀. Ẹ rò ó wò pé ọlọ́pàá kó ọmọ kan mọ́ àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn. Wọ́n fún un ní bébà pé kó kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé òun kàn bá wọn jókòó níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí kan, òun jẹun, òun sì lọ sílé. Ó wá kọ ọ́ pé “I was mixed up with them.” Lójú agbẹjọ́rò tó máa ka ìwé yẹn ní kóòtù, ọmọ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré tí olùkọ́ kò fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣàlàyé nínú kíláàsì lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí lẹ́tà hótẹ́ẹ̀lì yẹn. Ìpínrọ̀ kẹta rẹ̀ ni mo ti rí “I fraternise with my superiors and subordinates.” Mo bi í pé níbo ló ti rí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní inú nóòtù òun láti SS2 ni, pé olùkọ́ sọ pé nǹkan kan náà ni gbogbo wọn, òun sì mú èyí tó gùn jù nínú wọn. Ẹ̀yin náà rí i. Tí a bá ti sọ fún ọmọ pé ọ̀rọ̀ mẹ́fà dọ́gba, èyí tó bá ga lójú rẹ̀ jù lọ ni yóò gbé, torí kò sí ìdí mìíràn tí yóò fi ṣa ọ̀kan nínú wọn.

“Fraternise” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń gbé wọ ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, inú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ń pe arákùnrin ló ti wá. Ṣùgbọ́n àárín àwọn ológun ló ti gba orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Ní Kérésìmesì ọdún 1914, nígbà ogun àgbáyé kìíní, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì jáde láti inú kòtò tí wọ́n sá pamọ́ sí láwọn ibì kan lójú ogun, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n fún ara wọn ní sìgá, wọ́n kọrin. Inú àwọn ọ̀gágun kò dùn sí i, wọ́n sì pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ wáyé mọ́. Nígbà tí ogun kejì ń parí lọ, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ Jámánì, àṣẹ wà pé wọn kò gbọdọ̀ bá ará ìlú bọwọ́, wọn kò gbọdọ̀ ṣeré lọ sílé wọn, wọn kò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti iṣẹ́. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ lè san ìtanràn dọ́là 65, owó ńlá sì ni fún ọmọ ogun láyé ìgbà yẹn. Àwọn ọmọdé ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n kọ́kọ́ yọ kúrò nínú òfin náà, nítorí kò sí ológun tó lè rí ọmọdé tí ebi ń pa kó má fún un ní ṣokoléètì. Kí ọdún 1945 tó parí, púpọ̀ nínú òfin yẹn ti wọlẹ̀.

Ẹni tó bá ti mọ ìtàn yìí kò tún ní ṣi ọ̀rọ̀ náà lò. Ó ti mọ̀ pé níbi tí “fraternise” bá ti wọlé, ẹnìkan ti fa ìlà sílẹ̀ pé kí àwọn kan má ré e kọjá, àwọn kan sì ti ré e kọjá. Wọ́dà tó ń bá ẹlẹ́wọ̀n ṣọ̀rẹ́ ń “fraternise”. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń lọ sílé ẹgbẹ́ alátakò lóru ń “fraternise”. Olùgbàlejò tó ní òun máa ń “fraternise” pẹ̀lú ọ̀gá òun àti àwọn tó wà lábẹ́ òun, kí ni ọ̀gá fẹ́ rò?

Ẹ má sì sọ pé àwọn ọmọ ò gbọ́n. Wọ́n gbọ́n. Èdè tó wà lẹ́nu wọn ló ń ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwa Yorùbá ní “bá”. A ó fi í síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe yòówù tó bá wù wá, ẹni méjì á sì ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà: bá a jẹun, bá a ṣeré, bá a rìn, bá a gbé, bá a yọ̀, bá a kẹ́dùn, bá a dá sí ọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, ọmọ Àkókó wa yìí, kọ ìwé Essentials of Yoruba Grammar jáde ní 1978, ó sì ṣàlàyé níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀-ìṣe wa ṣe ń tò tẹ̀ léra nínú gbólóhùn kan. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí kò tíì ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ ibi tí àṣìṣe ọmọ ti ń wá, á kàn máa fi bírò pupa fa ìlà sí i ni.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé “bá” kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àwọn àgbà ní àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú “bá rìn” yẹn, ajá ni wọ́n ń bá wí. Tí àgùntàn bá bá àgùntàn rìn, “bá rìn” kan náà ni a ó lò. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀-ìṣe ọ̀tọ̀ fún oríṣi ìrìn kọ̀ọ̀kan, ojú tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fi ń wo ìrìn náà sì ti wà nínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kó tó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní aládùúgbò òun ń “hobnob” pẹ̀lú àwọn gómìnà, ó ti fi ẹnu tẹ́ aládùúgbò náà díẹ̀. Ẹni tó ní ó ń “consort” pẹ̀lú àwọn kan, ó ti sọ àwọn yẹn di èèyàn burúkú. Ẹni tó ní “I don’t associate with such people” ti ti ilẹ̀kùn. Ọmọ tí “bá” ti mọ́ lára kò ní mọ̀ pé ìdájọ́ ti wà nínú ọ̀rọ̀, àfi tí ẹnìkan bá sọ fún un.

Inú “bá rìn” yìí náà ni “Don’t move with that boy” ti jáde, èyí tí kò sí ìyá tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ní ilẹ̀ wa tí kì í sọ. Ará London tó bá gbọ́ ọ á rò pé ọmọ méjì ń gbé àga láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. “Hang around with”, “go about with”, “keep bad company”, irú èyí ni tirẹ̀. Inú “bá yọ̀” ni “We felicitate with His Excellency” ti jáde, tó máa ń kún ojú ewé ìwé ìròyìn nígbàkúùgbà tí ọlọ́lá bá pé ọgọ́ta ọdún. Òyìnbó kì í fi “with” sí i, wọ́n á ní “felicitate” ẹni náà, tàbí kí wọ́n kúkú ní “congratulate”. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọmọ wa ṣe ronú: “sympathise” gba “with”, “commiserate” gba “with”, “rejoice” náà gbà á. Kí ló dé tí “felicitate” ò ní gbà á? Ìrònú tó mọ́gbọ́n dání ni, mi ò sì ní fi bírò pupa bú ẹni tó ronú.

Èrò mi lórí eléyìí yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé wọn yóò bá mi jà. Mi ò gbà pé kí a máa pe Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ láàárín ara wa ní Gẹ̀ẹ́sì aláìmọ̀kan. David Jowitt ti kọ odindi ìwé lórí Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Nàìjíríà láti ọdún 1991. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti Oxford gba ọ̀rọ̀ 29 láti ẹnu àwa ọmọ Nàìjíríà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. “Okada” wà níbẹ̀, “danfo” wà níbẹ̀, “mama put” wà níbẹ̀. Inú mi dùn jù nígbà tí mo rí “rub minds”, pé kí àwọn èèyàn jókòó pọ̀ kí wọ́n jọ gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò. Ìpàdé ẹbí wo ni a ṣe rí ní Ọ̀kà tí a kò ti “rub minds”? Ọ̀rọ̀ tiwa ni, a fi kún Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbà á.

Síbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ wọ inú ìwé Oxford kò ní kí gbogbo ará Manchester mọ̀ ọ́n. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ ti ilé àti èyí tó jẹ́ ti òde, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó léwu jù níbẹ̀ ni èyí tí àwa àtàwọn jọ ní, tí a kò sì jọ lò ó bákan náà. Ẹ gbọ́ “rub shoulders”. Lẹ́nu Òyìnbó, ẹni tó ń “rub shoulders” pẹ̀lú àwọn ọba àti gómìnà ti dé ibi gíga, ó ń bá ẹni ńlá pàdé, inú rẹ̀ sì ń dùn. Lẹ́nu tiwa ńkọ́? Olùkọ́ tí ọmọ bá dá lóhùn kan á jágbe mọ́ ọn pé “Are you rubbing shoulders with me?” Ìyẹn ni pé ṣé o fẹ́ máa bá mi dọ́gba ni. Ìyìn lọ́hùn-ún, èébú níbí.

Obìnrin kan tí mo kọ́ nígbà kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó pè mí lórí fóònù ní àkókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Ọ̀gá rẹ̀ tuntun fi ẹ̀rín kí i káàbọ̀, ó ní níbí yìí wàá máa “rub shoulders” pẹ̀lú àwọn dókítà àgbà. Ara ọmọ mi bù máṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀ Mà, pé òun mọ àyè òun, òun kì í ṣe aláìgbọràn. Ọ̀gá náà kàn ń wò ó. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń fọgbọ́n yẹ ara wọn sílẹ̀, kí ọmọ náà tó bi mí léèrè. Kò sí ẹni tó ṣẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tó wà láàárín wọn ni pé lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ orí àti ipò máa ń jókòó sáàárín ẹni méjì kí wọ́n tó la ẹnu, èjìká ọmọdé kò sì gbọdọ̀ kan ti àgbà láìgbàṣẹ. Ẹni tó kọ́ ọmọ yẹn ní “rub shoulders” ní kíláàsì, tó bá jẹ́ pé ó sọ èyí fún un ni, ìtìjú yẹn ì bá má wáyé.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ “mingle”. Ẹ wo òde ìnáwó èyíkéyìí ní Ọ̀kà tàbí ní Ìkàrẹ́. Wọ́n ti ta àtíbàbà, wọ́n ti to tábìlì sábẹ́ rẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ sì wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá ìjọ wà níbì kan pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, àwọn tí wọ́n jọ jáde nílé ìwé wà níbòmíràn, àwọn àna wà níwájú. Ẹni tó bá ti jókòó ti jókòó nìyẹn. Olóde ló máa dìde, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n á máa lọ láti tábìlì dé tábìlì, obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó tẹrí ba, wọ́n á máa béèrè bóyá oúnjẹ ti kàn yín, bóyá omi wà. Àlejò tó bá ń rìn kiri láti tábìlì kan dé èkejì, ojú tí wọ́n á fi wò ó kò ní dára. Wọ́n á ní ẹran ló ń ṣọ́. Mo ti gbọ́ tí MC ń pariwo lórí ẹ̀rọ pé “Please mingle, let us mingle!”, ẹnikẹ́ni kò sì mira lórí ìjókòó.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà, ó lójú irú òde tí wọ́n ń sọ ọ́ sí. Àga kì í pọ̀. Àlejò á dúró, ife á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, á tọrọ gáfárà, á sún sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá dúró ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni wọ́n máa ń sọ pé kò mọ bí a ṣe ń lọ sóde. “Mingle” ni pé kí o wọ àárín èrò kí o máa yí ká. Kò sọ pé kí o mọ ẹnikẹ́ni dáadáa, kò sọ pé kí ẹ di ọ̀rẹ́. Nítorí náà, tí mo bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ náà, mi ò kì í mú un lọ sóde ìnáwó rárá. Ọjà Ọ̀ṣẹ̀lẹ̀ ní Ìkàrẹ́ ni mo máa ń mú un lọ. Níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà tó ti oko wá, àwọn ará Àrìgìdì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àkùngbá tó wá ra nǹkan ọbẹ̀, àwọn alágbàtà, gbogbo wọn ló ń kọjá láàárín ara wọn, kò sí tábìlì, kò sí orúkọ ẹgbẹ́. “They mingle.” Ọmọ tó bá ti fi ara kan ara ní Ọ̀ṣẹ̀lẹ̀ kò ní gbàgbé rẹ̀ láé.

“Socialise” kò gbà mí ní àkókò púpọ̀. Lẹ́nu wa, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di aṣọ ẹbí àti òde alẹ́. Àwọn ọmọ tó bá wọ yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, tí wọ́n sì yan ìmọ̀ nípa àwùjọ, ni wọ́n máa ń pàdé ìtumọ̀ rẹ̀ kejì, pé inú ilé ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ “socialise” ọmọ: bí ìyá ṣe ń kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀, ní ìkíni, ní ọwọ́ tó yẹ kó fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ẹ sọ méjèèjì fún ọmọ kó tó kúrò ní SS3.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá jù lọ ṣì ń bọ̀. Àwa ará Àkókó gan-an ni ó yẹ kí ìyàtọ̀ inú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tètè yé, torí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin péré ni wá, èdè tó wà láàárín wa sì lé ní ohun tí àlejò lè kà. Ará Ìkàrẹ́ tí wọn kò kọ́ kò lè gbọ́ èdè Àrìgìdì, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kò jìn. Òkèàgbè jẹ́ ìlú kan, àdúgbò mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Àwọn ará Àúga, Ìṣẹ̀ àti Kákùmọ̀ ń sọ Ùkàán. Àkùnnù àtàwọn ìlú kan tó yí i ká ń sọ Àbẹ̀sàbẹ̀sì. Tí o bá dé Èpìnmì, èdè ibẹ̀ ti ń tan mọ́ ti àwọn ará Ẹdó. Láti ọdún 1999 tí yunifásítì ti kó wá sí Àkùngbá láti Adó-Èkìtì, àwọn ọmọ láti ibi gbogbo tún ti kún un.

Èyí ló mú kí n máa kọ́ “integrate” àti “assimilate” pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sábà sí nínú àwọn tó wà lójú pátákó. Ẹni tó “integrate” ti wọ àárín wa, a fàyè gbà á, ó ń bá wa dáwó ìlú, ó sì ṣì ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Ẹni tó “assimilate” ti wọ àárín wa títí tí a kò fi dá a mọ̀ mọ́. Mo ní kí àwọn ọmọ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn. Ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Àúga, tí wọ́n bí sí Ìkàrẹ́, kọ ọ́ pé: “My grandmother’s language is being assimilated because we are ashamed to speak it in Ikare.” Mo bi í bóyá òun gbọ́ èdè náà. Ó ní òun gbọ́ tí ìyá ìyá òun bá ń bá òun wí, ṣùgbọ́n òun kì í fi dá a lóhùn, Yorùbá ni òun fi ń dá a lóhùn. Mo bi àwọn yòókù tí ilé wọn kì í sọ Yorùbá láti ìpilẹ̀. Ọwọ́ púpọ̀ gòkè, bákan náà ni gbogbo wọn sì sọ ọ́.

Mi ò rí olùkọ́ kankan tó lè fi “dàpọ̀ mọ́” kó gbólóhùn ọmọ yẹn já. Èdè ìyá ìyá rẹ̀ kò dàpọ̀ mọ́ nǹkan kan. Wọ́n ń gbé e mì ni, ọmọ náà sì mọ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ṣàlàyé fún un dáadáa ló fún un ní ẹnu tó fi sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ gírámà lójú mi. Ọmọ tí kò ní ọ̀rọ̀ tó tó fún bí èèyàn ṣe ń bá èèyàn gbé kò ní lè sọ bí wọ́n ṣe ń bá òun gbé, bó dára bí kò dára.

Mo mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa sọ. Kíláàsì kún, ìwé kò tó, sílábọ́ọ̀sì gùn, WAEC sì ń bọ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ mú ìbéèrè WAEC fúnra rẹ̀ kí ẹ wò ó. Nínú ìbéèrè 80 tí ọmọ máa mú ìdáhùn rẹ̀ láàárín A sí D, wọn kì í ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lásán. Inú gbólóhùn ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n á sì ní kí ọmọ mú èyí tó sún mọ́ ọn jù níbẹ̀. Ẹni tó há àmì “dọ́gba” sórí máa rí mẹ́ta nínú mẹ́rin tó dà bí ìdáhùn. Nítorí náà, ètò tí ẹ ní ẹ fi ń rọ iṣẹ́ yín lọ́rùn kò ran ọmọ lọ́wọ́ nínú ìdánwò tí ẹ ń bẹ̀rù.

Kò gba owó, kò gba ẹ̀rọ. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan péré lọ́sẹ̀ kan. Ẹ bi àwọn ọmọ pé ta ló ń bá ta ṣe nínú rẹ̀, ta ló ga jù, ṣé inú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dùn sí i tàbí kò dùn, ṣé ó gba “with” tàbí kò gbà á, kí ni àwa máa sọ nílé dípò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èèyàn tí wọ́n mọ̀ ṣe gbólóhùn: awakọ̀ ní gáréèjì, ìyá tó ń ta gàrí ní Ìwárò Ọ̀kà, ìmáàmù àti pásítọ̀ tó ń kí ara wọn ní ọjọ́ Iléyá, ẹ̀gbọ́n tó kúrò nílé tí kì í pe ilé mọ́. Sáà tuntun máa wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ fi “mix” àti “mix up” bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ tó kọ nǹkan mìíràn sójú pátákó.